Ojú Ewé Kẹta

"Òfin! Òfin pẹ̀lú ọrọ̀ ajé! Méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ọmọ Keziah, tí ìyá rẹ̀ kò lè fi èdè òyìnbó tọrọ omi mu!"

Olúrẹ̀mí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Inísà, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún 1994. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí, ó kọjú sí títì kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. Àdúgbò sì gbọ́. Keziah, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jókòó sídìí bàsíà, ó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, kò gbójú sókè.

"Ìyàwó, ìwọ ni mò ń bá wí! Àbí o ti yadi?"

"Ẹ má bínú, Màmá Dùntán."

"'Ẹ má bínú, ẹ má bínú!' Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn, bí ayékòótọ́! Gbọ́ mi dáadáa, obìnrin yìí. Ọmọ tó bá kọ́ òfin, ilé baba rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́. Kò ní ṣẹlẹ̀ nínú ilé bàbá tèmi! Kí n má jẹ Kérésì ọdún yìí nínú ilé yìí, bí Èyítáyọ̀ rẹ bá wọ yunifásítì yẹn dípò Adédùntán mi!"

Ha! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣé é kó. Bí Olúrẹ̀mí bá mọ ohun tó wà níwájú, ì bá fi ọwọ́ bo ẹnu kó tó búra bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́ fún yín, kí ẹ má baà ṣàánú rẹ̀ níbi tí kò yẹ. Àbúrò Tíṣà Oyèdélé ni, ó ń ta obì lọ́jà Ìkìrun. Ọkọ rẹ̀ tó wà ní Ìkìrun ti lé e jáde nítorí ẹnu rẹ̀, ló bá kó ẹrù padà sílé bàbá rẹ̀, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀, Adédùntán. Ọdún kẹsàn-án rè é tó ti ń dálémosú níbẹ̀, tó sì ń pàṣẹ fún Keziah bí ẹni tó rà á lọ́jà. Oyèdélé fúnra rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ìlú bọ̀wọ̀ fún un, nítorí òun ni ògbufọ̀ ìjọ. Bí àlejò bá fi òyìnbó wàásù, Oyèdélé ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí yóò máa fi ohùn ńlá túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ohùn ńlá ló ní lóòótọ́. Ọkàn ni kò ní.

Nígbà tí bàbá Oyèdélé dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọdún mẹ́ta, Keziah ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ. Olúrẹ̀mí tó bí nínú ara rẹ̀ kò wá kí i ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Kí bàbá tó kú, ó gé ilẹ̀ kan fún Keziah lọ́nà Òkukù, lójú gbogbo ẹbí, wọ́n sì gbin pẹ̀rẹ̀gún sí ààlà rẹ̀. Keziah gbin igi obì mọ́kànlélógún síbẹ̀. Ó pọnmi sí i lẹ́rùn, ó ro ó lójò, ó dúró títí igi fi so. Ọdún tí igi so gan-an ni pẹ̀rẹ̀gún ṣípò! Olúrẹ̀mí hú u níbi tó wà, ó lọ gbìn ín sí òdìkejì, gbogbo igi obì bá bọ́ sínú ìpín tirẹ̀. Ta ló sì di okùn mú fún un kí ààlà tuntun lè gún? Oyèdélé! Ọkọ Keziah! Keziah àti Èyítáyọ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà, dúró lójú ọ̀nà odò, wọ́n ń wò wọ́n.

Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú ẹbí, Oyèdélé nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Ibi tí pẹ̀rẹ̀gún wà yẹn náà ni bàbá mi gbìn ín sí. Ojú ló ń tan ìyàwó mi jẹ." Keziah wo ọkọ rẹ̀ títí, kò sọ nǹkan kan. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Èyítáyọ̀ kò gbàgbé.

Lọ́dún 1994 yìí, yunifásítì kan kéde nínú ìwé ìròyìn pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun kan, èyí tó so òfin àti ọrọ̀ ajé pọ̀ sínú ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo. Ọmọ kan péré ni wọn yóò mú láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò fi èdè òyìnbó kọ ojú ewé mẹ́ta nípa ọ̀ràn kan nílùú tirẹ̀, níbi tí òfin àti ọrọ̀ ajé ti pàdé. Èyítáyọ̀ ka ìkéde náà, ó sọ nílé pé òun fẹ́ ẹ; ìyẹn ló fa ariwo Olúrẹ̀mí lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ọmọ náà mọ ọ̀ràn kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ ọ́, kò fi han ẹnikẹ́ni, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Tímótì, taìpítì tó máa ń jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ nítòsí kánsù ní Òkukù. Nígbà tó parí, ó fi ìwé náà àti fọ́ọ̀mù rẹ̀ sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí yunifásítì. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọn yóò parí gbígbà rẹ̀."

"Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, ọmọ mi," ni Oyèdélé wí. "Èmi fúnra mi ni n ó fi ọwọ́ mi gbé e dé ọ̀hún."

Ọmọbìnrin náà dúpẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí ayọ̀. Olúrẹ̀mí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Olúrẹ̀mí wà níwájú tábìlì Tímótì ní Òkukù. Oyèdélé ti gbé àpòòwé fún un; ó já a, ó yọ ìwé náà lé Tímótì lọ́wọ́.

"Orúkọ tó wà lókè yìí ni kí o yí padà. Adédùntán ni kí o kọ. Ìyókù, bó ṣe wà ni kí o tẹ̀ ẹ́!"

Tímótì wo ìwé, ó wo obìnrin náà. "Màmá, èmi ni mo tẹ èyí ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Ojú ewé kẹta yìí—"

"Ta ló bi ọ́ léèrè ojú ewé? Taìpítì ni ọ́ tàbí adájọ́? Má yọ nǹkan kúrò! Má fi kún un! Bí o bá fo lẹ́tà kan péré, o ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi! Ọlẹ, alápá-má-ṣiṣẹ́!"

Tímótì ki bébà bọ ẹ̀rọ. Ó tẹ ìwé náà bó ṣe wà, kò fo lẹ́tà kan.

Olúrẹ̀mí kò lè ka òyìnbó. Ọmọ rẹ̀ tó lè kà á ńkọ́? Adédùntán ka ojú ewé kìíní dé ìdajì, ó yán, ó fọwọ́ sí i, ó padà sídìí dígí rẹ̀. Oyèdélé kò tilẹ̀ ṣí i wò. Ohun tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un lọ́jọ́ náà ti tó o. Lórí fọ́ọ̀mù Adédùntán, níbi tí wọ́n ti bèèrè orúkọ bàbá, ó kọ Oyèdélé síbẹ̀, kó lè jẹ́ ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Fọ́ọ̀mù Èyítáyọ̀, ọmọ tó bí, ó tì í bọ abẹ́ àwọn rẹ́jístà àtijọ́ nínú àpótí, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

"Bọ̀dá mi, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín," ni Olúrẹ̀mí wí fún un. "Bí ọmọ yẹn bá kọ́ òfin, ilẹ̀ obì ni yóò kọ́kọ́ bi yín léèrè."

"Mo mọ̀," ni Oyèdélé dáhùn. Ó mọ̀!

Oṣù mẹ́ta kọjá. Lọ́jọ́ kan Èyítáyọ̀ bi bàbá rẹ̀ léèrè bóyá wọ́n ti fèsì.

"Wọ́n fèsì," ni Oyèdélé wí láìgbójú sókè nínú ìwé ìròyìn. "Wọ́n ní ìwé tí o kọ kò dára tó. Ti Adédùntán ló wù wọ́n."

Ọmọ náà wọlé, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ìyá rẹ̀ di orí rẹ̀ mú sáyà.

"Èyítáyọ̀ mi, dákẹ́. Sùúrù."

"Ẹ̀yin náà ṣe sùúrù, Màmá mi! Kí ló fún yín? Kí ni sùúrù fún yín?"

Ìbéèrè yẹn dun Keziah ju gbogbo èébú Olúrẹ̀mí lọ. Lọ́jọ́ kejì, Olúrẹ̀mí gbé igbá obì lé Èyítáyọ̀ lórí, ó ní kó lọ máa kiri rẹ̀ ní gáréèjì Ìkìrun. "Ọrọ̀ ajé lo fẹ́ kọ́, àbí? Ó yá, lọ kọ́ ọ!" Ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Obì inú igbá náà, láti orí igi Keziah ló ti wá.

Lẹ́tà mìíràn dé lóṣù kẹwàá. Yunifásítì ní ìwé tí ọmọ náà kọ wú àwọn lórí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn yóò wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nílé rẹ̀, kí àwọn sì fojú rí ilẹ̀ tó kọ̀wé nípa rẹ̀. Oyèdélé ka "ilẹ̀", ó tún ìlà náà kà. Olúrẹ̀mí kò jẹ́ kó parí rẹ̀.

"Ilé wa ni wọ́n ń bọ̀! Nínú gbogbo Inísà! Ẹ pe Fíkà ìjọ wa! Ẹ pe àwọn ìyá ìjọ! Ẹ pe mọ́gàjí! Kí gbogbo ayé wá gbọ́ ohun tí ọmọ mi kọ!"

Bẹ́ẹ̀ ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ pe àwọn ẹlẹ́rìí jọ. Aṣeburúkú kú ara ìfu, ṣùgbọ́n ara Olúrẹ̀mí kò tilẹ̀ fu.

Ọjọ́ pé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún dé ojúde. Àlejò méjì dé láti yunifásítì. Ọ̀kan jẹ́ lọ́yà, ará ìlà-oòrùn Nàìjíríà tí kò gbọ́ Yorùbá. Èkejì ni Dókítà Ìtùnúolúwa, obìnrin tó ń kọ́ni ní ètò ọrọ̀ ajé, ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Keziah àti Èyítáyọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, àwọn ni wọ́n ń gún iyán tí àlejò yóò jẹ. Olúrẹ̀mí ti kìlọ̀ fún wọn pé, "Bí mo bá rí ojú ẹ̀yin méjèèjì níwájú, ẹ ó mọ̀ mí lónìí!"

Lọ́yà yin ìwé náà gidigidi. Ó ní ojú ewé kẹta ló dára jù. Olúrẹ̀mí fò dìde. "Bọ̀dá mi, ẹ sọ fún lọ́yà wa kó kà á síta! Kí ẹ̀yin sì máa túmọ̀ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn ìyá ìjọ lè gbọ́!"

Orí Oyèdélé wú. Ó ká agbádá rẹ̀ sórí èjìká, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́yà. Lọ́yà ka gbólóhùn kìíní, Oyèdélé sì gbé ohùn sókè:

"Ìyá mi gbin igi obì mọ́kànlélógún!"

"Olúwa ṣeun!" ni àwọn ìyá ìjọ wí. Àwọn kan wo ara wọn. Ìgbà wo ni Olúrẹ̀mí gbin obì? Lẹ́yìnkùlé, odó dákẹ́.

"Bàbá bàbá mi ló fún un nílẹ̀ náà... nítorí pé ó tọ́jú rẹ̀ nínú àìsàn." Ohùn Oyèdélé ti rẹlẹ̀ díẹ̀. Lọ́yà ka gbólóhùn kẹta. Oyèdélé bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

"Bọ̀dá, kí ló dé? Ẹ túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ wa!"

"Ó ní... ó ní àbúrò bàbá òun obìnrin, Olúrẹ̀mí... ó ran ìyá òun lọ́wọ́ láti gbin pẹ̀rẹ̀gún."

Olúrẹ̀mí gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó bẹ́ sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jó! "Ó dárúkọ mi! Orúkọ mi wọ yunifásítì!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Dókítà Ìtùnúolúwa wí jẹ́jẹ́. Ó nawọ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ lọ́yà. "Ẹ yí ọ̀rọ̀ padà. 'Gbin' kọ́ ló wà níbí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín túmọ̀ rẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́:

"'Nígbà tí igi náà so, àbúrò bàbá mi obìnrin, Olúrẹ̀mí, hú pẹ̀rẹ̀gún ààlà, ó gbìn ín sí òdìkejì, ó sì kó gbogbo igi náà. Bàbá mi, Oyèdélé, ló di okùn mú fún un. Mo rí wọn. Lójú ẹbí, bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà látilẹ̀. Òfin wà nílùú wa, ọjà wà nílùú wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè di ẹnu ẹlẹ́rìí ló ni méjèèjì.'"

Ijó tán lẹ́sẹ̀ Olúrẹ̀mí.

"Adédùntán, ìwọ lo kọ èyí?" ni Dókítà bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ta ni ìyá rẹ, tó gbin obì?"

Adédùntán na ìka sí Olúrẹ̀mí.

"Ta wá ni Olúrẹ̀mí, tó jí i?"

Ìka ọmọ náà ṣì wà níbi tó wà. Kò rí ibòmíràn nà án sí. Ará ilé hó yèè!

"Èébú ni! Wọ́n fẹ́ ba ọmọ mi jẹ́! Keziah àjẹ́ ló ṣe é!"

"Ẹ fara balẹ̀, Mà. Ẹni tó kọ ìwé yìí yóò mọ gbólóhùn tó parí rẹ̀. Adédùntán, kí ni gbólóhùn náà?"

Adédùntán wolẹ̀. Ohùn kan dáhùn láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Èyítáyọ̀ ni, ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, iyán lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní òyìnbó fún lọ́yà, lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìyá rẹ̀:

"'N ò fẹ́ kọ́ òfin kí n lè pe bàbá mi lẹ́jọ́. Mo fẹ́ kọ́ ọ kí ìyá ẹlòmíràn má baà dákẹ́ bí ìyá mi ṣe dákẹ́.'"

Lọ́yà wo ìwé náà, ó mi orí. Bó ṣe wà gan-an nìyẹn. Olúrẹ̀mí sáré sí ọmọ náà láti gbá a létí, ṣùgbọ́n Tímótì, tó bá èrò wá jẹun, di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màmá, mo sọ fún yín! Mo ní ojú ewé kẹta ńkọ́? Ẹ ní n kì í ṣe adájọ́! Ẹ ní kí n má fo lẹ́tà kan!"

Bàbá Oyèwálé, mọ́gàjí ẹbí, fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. "Oyèdélé! Ibo ni ìwé ọmọ tí o bí wà?"

Oyèdélé dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kó dìde, kó lọ gbé àpótí wá. Nígbà tí ó ṣí i, tí fọ́ọ̀mù Èyítáyọ̀ jáde lábẹ́ rẹ́jístà, àwọn ìyá ìjọ figbe ta. Keziah nìkan ni kò pariwo. Ó wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe wò ó níjọ́ kìíní lójú ẹbí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí Oyèdélé ni kò lè gbójú sókè.

Ọjọ́ náà ni wọ́n lọ sí oko. Mọ́gàjí ní kí Olúrẹ̀mí fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú pẹ̀rẹ̀gún, kó dá a padà síbi tó wà. Ó ní kí Oyèdélé di okùn mú fún un, bó ṣe dì í mú níjọ́sí. Wọ́n ṣe é lójú Fíkà àti gbogbo èrò, eruku kún aṣọ ọ̀ṣọ́ wọn. Lábẹ́ igi obì ni lọ́yà àti Dókítà Ìtùnúolúwa ti fọ̀rọ̀ wá Èyítáyọ̀ lẹ́nu wò. Wọ́n ní kó kọ fọ́ọ̀mù mìíràn lójú ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ òbí síbẹ̀, wọ́n sì fagi lé orúkọ Adédùntán.

Ẹni tó gbin èbù ìkà, orí ọmọ rẹ̀ ni yóò hù lé. Àánú Adédùntán ṣe mí díẹ̀. Díẹ̀ náà ni. Ní ti Olúrẹ̀mí, kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹbí ti ní kó jáde. Ọkọ rẹ̀ ní Ìkìrun kò ṣílẹ̀kùn fún un. Nínú yàrá kan tó háyà lẹ́yìn ọjà ló ti jẹ Kérésì, gẹ́gẹ́ bó ṣe búra. Bó bá fẹ́ obì tó dára tí yóò tà, ọwọ́ Keziah ni yóò ti rà á, yóò sì dúró lórí ìlà bí àwọn alájàpá yòókù. Ìjọ sì wá ògbufọ̀ mìíràn.

Lẹ́tà ìgbaniwọlé dé lóṣù kìíní. Èyítáyọ̀ kò sí nílé. Keziah gbà á, ó jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Èyítáyọ̀, òyìnbó ni. N kò lè kà á. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún mi."

"Ìyá Èyítáyọ̀, jọ̀ọ́, dúró kí ọmọ dé—"

"Ẹ túmọ̀ rẹ̀. Kí ohùn yín dé ojú títì, bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má sì fo ìlà kankan."

Oyèdélé gba ìwé náà. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú. Ó ka orúkọ ọmọ, ó ka orúkọ ẹ̀kọ́, òfin pẹ̀lú ọrọ̀ ajé. Ó dé ìlà kan, ó fẹ́ fò ó.

"Mo ní ẹ má fò ó."

Ó gbé ohùn ńlá rẹ̀ sókè, ohùn náà fọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Òbí: Keziah nìkan. Bàbá: kò sí."

"Ẹ ṣeun," ni Keziah wí. Ó gba ìwé rẹ̀, ó ká a, ó sì padà sídìí obì rẹ̀.